Agbára Tí Ó Ń Gba Ilẹ̀ Okun Kọjá

Àwọn tí ó ń kọ ìtàn bí ayé òde òní ṣe bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbé e ka àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ dún, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò lè pé bí a kò bá wo àwọn ìlú tí ẹ̀rọ wọ̀nyí dé bá lójijì, nítorí ibẹ̀ ni ó ti hàn kedere ohun tí agbára tuntun ń ṣe fún ẹni tí ó ni ín àti ohun tí ó ń ṣe sí ẹni tí kò ní in. Ọ̀kan lára irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Okun, ìyẹn apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kògì, níbi tí Yàgbà, Òwé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ti jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá tí ilẹ̀ wọn bá ti Tápà pààlà. Igbaruku, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú ibẹ̀, kò sì sí ìwé ìtàn àgbáyé tí ó dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, láàárín nǹkan bí igba ọdún, ẹṣin àwọn Tápà, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi ooru omi rìn, lọ́rì tí ń mu epo bẹntiróòlù, àti wáyà iná mànàmáná ti gba agbègbè yìí kọjá ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sì mú nǹkan lọ níbẹ̀ ju ohun tí ó fi sílẹ̀ lọ.

Ohun tí à ń pè ní agbára níhìn-ín ni ohunkóhun tí ó lè mú kí nǹkan yí, kí ó gbéra, kí ó gbóná tàbí kí ó tan ìmọ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, apá ènìyàn, igi ìdáná, èédú igi àti oòrùn tí ń sá ọkà gbẹ ni agbára tí àwọn ará Okun ní, wọn kò sì fi í ṣe ohun kékeré. Iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn ní agbègbè Ìfẹ̀-Ìjùmú ti fi hàn pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí ènìyàn ti ń gbé abẹ́ àpáta ibẹ̀. Irin ọkọ́ àti àdá tí ilẹ̀ Yorùbá fi ń ro oko láyé àtijọ́ kò ti òkè òkun wá, inú ìléru alámọ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, tí wọn a to òkúta irin àti èédú lé ara wọn, tí ẹ̀wìrì a sì máa fẹ́ iná náà títí irin yóò fi yapa kúrò lára òkúta. Ade Obayemi, onímọ̀ ìtàn àti ìwalẹ̀pìtàn tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Okun, ṣàlàyé nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1976 pé ètò ìṣèlú àwọn ìlú Okun lè fi bí ìlú Yorùbá ṣe rí hàn wá kí àwọn ilẹ̀ ọba ńlá bí Ọ̀yọ́ tó dìde, nítorí pé ìlú kéékèèké ni wọ́n, olúkúlùkù ló ń ṣàkóso ara rẹ̀, kò sì sí ọba kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń sìn. Àwọn kan ti ka irú ètò yìí sí àìgbọ́njú, ìdájọ́ náà kò sì tọ̀nà rárá, nítorí pé ètò tí ó bá agbára ọwọ́ ẹni mu ni. Níbi tí apá ènìyàn bá ti jẹ́ agbára tí ó ga jù, ìlú kékeré lè dá dúró, kò sì sí aládùúgbò tí apá rẹ̀ gùn ju ti ìlú náà lọ títí. Ìyọnu dé nígbà tí àwọn aládùúgbò rí agbára mìíràn tí kì í ṣe apá.

Agbára náà ni ẹṣin. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó kìjikìji nítorí tsetse, eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri, ṣùgbọ́n ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni ilẹ̀ Okun wà, nítorí náà àwọn ẹlẹ́ṣin lè wọ ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n sì jáde kí òjò tó dé. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba Tápà tí ó fìdí kalẹ̀ sí Bídà, pàápàá lábẹ́ Etsu Masaba tí ó jọba láti 1859 sí 1873, ti ń rán ọmọ ogun kọjá odò Ọya wá sí ilẹ̀ Yàgbà, Bùnú àti Òwé. Ọ̀pọ̀ ìlú sá gun orí òkè, níbi tí àpáta ti lè dá ẹṣin dúró, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ wá ro oko wọn tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ìlú tí kò bá lè jà mọ́ ń san ìsákọ́lẹ̀, bí owó ẹyọ kò bá sì tó, ènìyàn ni wọ́n fi ń dí i.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ènìyàn tí a fi ń dí owó yìí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ilẹ̀ Okun ti so mọ́ ìtàn ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú lórí òkun. Ní sáà kan náà, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i níbẹ̀ lójoojúmọ́, irin tí ó sì ń gbo irin gbọ́dọ̀ rí epo mu kí ó má baà gbóná jẹra. Epo pupa ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń pa á lára kí epo rọ̀bì tó gbòde, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí èédú ti ba aṣọ wọn jẹ́, tí wọ́n sì fi ń ṣe àbẹ́là. Epo pupa tí ó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kan, tí kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, ti lé ní 30,000 tọ́ọ̀nù nígbà tí ó fi máa di àárín rẹ̀. Ta ni ó ń gun ọ̀pẹ, tí ó ń gún ẹyìn, tí ó sì ń ru agbè epo dé etí odò? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹrú ni, lára wọn sì ni àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Okun tí wọ́n tẹ̀ dó sí abúlé oko yí Bídà ká, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ oko àti òrí fún àwọn ìjòyè Tápà tí ń tà á fún àwọn oníṣòwò etí odò Ọya. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó gba ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ wúwo, ẹrú ni ó kọ́kọ́ bọ́ ọ.

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ṣòro láti lóye. Bí omi bá ń hó nínú ìkòkò tí a dé, ooru rẹ̀ a máa gbé ọmọrí sókè, ohun tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe kò ju pé wọ́n sé ooru náà mọ́ inú irin kí ó lè máa ti ọ̀pá lọ síwájú àti sẹ́yìn. Thomas Newcomen fi irú rẹ̀ fa omi kúrò nínú kòtò èédú ilẹ̀ ní 1712, James Watt sì gba ìwé àṣẹ ní 1769 lórí èyí tí kò jẹ èédú tó ti Newcomen. Èédú ilẹ̀, tí í ṣe igi àti ewé ayé àtijọ́ tí ó ti di òkúta lábẹ́ ilẹ̀, ni oúnjẹ rẹ̀, agbára tí ó sì ti sùn fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná láàárín ìran méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, odò tí ń ṣàn wá pàdé ọkọ̀ kò lè dá a padà mọ́, ọ̀nà sì ṣí sí àárín ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní 1832, oníṣòwò kan láti Liverpool tí ń jẹ́ Macgregor Laird, pẹ̀lú Richard Lander, gbé ọkọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ wọ odò Ọya, Quorra àti Alburkah, èyí tí a fi irin ṣe ara tirẹ̀. Wọ́n dé ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, nítòsí ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn aláwọ̀ funfun 48 tí ó bá ọkọ̀ náà lọ, mẹ́sàn-án péré ni ó padà délé, nítorí pé ibà pa àwọn yòókù. Ìrìn àjò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ mẹ́ta ṣe ní 1841, èyí tí Samuel Ajàyí Crowther, ajíhìnrere ọmọ Yorùbá, wà nínú rẹ̀, tún fi ikú parí. Ní 1854 ni nǹkan yí padà, nígbà tí oníṣègùn William Balfour Baikie mú ọkọ̀ Pleiad lọ, tí ó ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kúníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó mú wọn, tí ẹnì kankan nínú àwọn aláwọ̀ funfun kò sì kú. Crowther náà wà nínú ọkọ̀ yìí. Ooru omi nìkan kò tó fún ìgbòkègbodò ìjọba kan, àfi ìgbà tí egbòogi bá a tan. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni Baikie tẹ ìlú dó sí Lọ́kọ́jà, láti ibẹ̀ ni ohùn fèrè ọkọ̀ olóoru sì ti di ohun tí etí àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ àti Bùnú mọ̀.

Ọdún 1897 ni ẹṣin àti ooru omi dojú kọ ara wọn, ilẹ̀ Okun sì ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Royal Niger Company, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún ní ìwé àṣẹ láti 1886 kí ó máa ṣòwò kí ó sì máa ṣèjọba létí odò, pinnu láti fọ́ agbára Bídà. Ọmọ ogun Tápà tí ó pọ̀ ti tẹ̀dó sí Kàbà, ní ilẹ̀ Òwé, lábẹ́ Makun, olórí ogun wọn. George Goldie, olórí ilé iṣẹ́ náà, kúrò ní Lọ́kọ́jà ní oṣù kìíní pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí kò tó 600, ó kọrí sí Kàbà, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, àwọn Tápà ti ká àgọ́ wọn kúrò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọjá odò padà lọ gba Bídà sílẹ̀, wọ́n bá ọkọ̀ olóoru tí ń lọ tí ń bọ̀ lórí omi, tí ìbọn wà lórí rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ ọ̀pá tí ó lè gba àárín wọn kọjá. Báyìí ni odò tí ó ti jẹ́ ọ̀nà fún ogun Tápà fún ìran méjì ṣe di ògiri láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù náà, àgbá àti ìbọn Maxim, tí ń yọ ọta lẹ́sẹẹsẹ láìdúró, tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ ká níwájú Bídà. Goldie kéde pé ilẹ̀ tí ó wà ní gúúsù odò kò sí lábẹ́ Bídà mọ́ àti pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú níbẹ̀ mọ́.

Ìdáǹdè ni èyí jẹ́ fún àwọn ará Okun, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀, nítorí pé àwọn ìyá tí wọ́n ti kó ọmọ wọn lọ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá wọn nídè kò lọ ilé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ náà kalẹ̀, wọ́n ta ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Lugard sì di alákòóso Àríwá Nàìjíríà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san £865,000 fún ilé iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí owó ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ tí ó fi sílẹ̀, àwọn onílẹ̀ kò sì rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Nítorí pé Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti ń ṣàkóso, tí odò sì jẹ́ ọ̀nà wọn, wọ́n fi ilẹ̀ Okun sí Àríwá, ó sì wà níbẹ̀ di òní, láìka gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ gbé síwájú ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kékeré, ní 1957 àti 1958 sí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí agbára tuntun mú wá ni àwọn ará Okun kàn gbà wọlé bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin Bùnú ń hun aṣọ kan tí à ń pè ní aṣọ ìpò, lórí òfì obìnrin tí ó dúró lóòró, aṣọ pupa tí ó jẹ mọ́ ìsìnkú àwọn ìjòyè àti eégún. Òwú ilẹ̀ wa kì í gba pupa tí ó jinlẹ̀ dáadáa, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí Elisha Renne, onímọ̀ àṣà láti Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995, ti ṣàlàyé, kúbùsù pupa tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn, ni wọ́n ń tú fọ́nrán-fọ́nrán, tí wọ́n á lọ́ fọ́nrán náà padà, tí wọ́n á sì fi hun aṣọ tiwọn. Kí a ronú sí i dáadáa: ẹ̀rọ tí èédú ń yí ni ó hun kúbùsù yìí ní wákàtí díẹ̀, ọkọ̀ olóoru ni ó gbé e gun odò, obìnrin kan sì jókòó ní Bùnú fún ọjọ́ pípẹ́, ó ń tú ohun tí ẹ̀rọ ti hun. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí kan náà ni ó fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Manchester gba ọjà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Kàbà, tí aṣọ wọn ti ń dé ọjà etí odò tipẹ́tipẹ́. Aṣọ ojoojúmọ́ wọn rọ̀ sílẹ̀, èyí tí ó jẹ mọ́ ọlá àti ikú ni kò rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó orí dé, tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ owó Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò tà gbọ́dọ̀ lọ ta agbára apá rẹ̀ níbòmíràn, ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ Okun fi ń rìn lọ sí oko kòkó ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, sí Èkó àti sí ibi iṣẹ́ rélùwéè. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì lọ títí dé Kánò, kò fara kan ilẹ̀ Okun rárá. Kògì kò ní ọkọ̀ ojú irin tí ń kó èrò títí di 2020, nígbà tí wọ́n ṣí ti Ìtakpé sí Warri, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1987 láti fi kó òkúta irin.

Epo rọ̀bì, tí wọ́n rí ní Olóìbírì ní 1956, ni agbára tí ó kọ́kọ́ wọ inú ilé àwọn ará Yàgbà gan-an, ọ̀nà tí ó gbà wọlé kì í sì í jẹ́ ọ̀nà tí àwọn òpìtàn ń kíyèsí. Ó wọlé nípasẹ̀ ẹ̀rọ ìlọgi. Nínú ọjà ìlú bí Igbaruku, abẹ́ àtíbàbà páànù kan ni ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì náà máa ń wà, lórí ìpìlẹ̀ símẹ́ǹtì, tí ọkùnrin kan á ki ọ̀pá irin bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí á sì fi gbogbo agbára yí kẹ̀kẹ́ ńlá náà títí yóò fi yọ èéfín dúdú tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, bẹ́líìtì rọ́bà á wá máa fa ọlọ irin yí, ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo á máa jáde sínú bàsíà. Iṣẹ́ tí obìnrin méjì ń fi odó àti ọlọ ṣe láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ni ó parí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Bí a bá ń wá ibi tí ayé òde òní ti gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ làálàá ní ilẹ̀ Okun, abẹ́ páànù yìí ni ó yẹ kí a ti wá a, ìtàn agbára tí kò bá sì ka àkókò tí ó padà sọ́wọ́ àwọn obìnrin kún kò tíì mọ ohun tí ó ń wọ̀n.

Iná mànàmáná kò ṣe bẹ́ẹ̀ yá. Michael Faraday ti fi hàn ní 1831 pé bí a bá ń yí irin òòfà nítòsí wáyà bàbà, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà, gbogbo ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá tí a ní kò sì ju ọ̀nà láti rí ohun tí yóò máa yí i lọ. Ní Káínjì, omi Ọya ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìsédò ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dáàmù, ní 1964, wọ́n ṣí i ní 1969, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mégáwáàtì 760, tí mégáwáàtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù wáàtì kan. Adágún tí ó ti ibẹ̀ jáde bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, níbi tí arìnrìn-àjò Mungo Park ti kú ní 1806, ó sì mú kí nǹkan bí 44,000 ènìyàn fi ilé baba wọn sílẹ̀. Odò kan náà ni ó ń ṣàn lọ sí Lọ́kọ́jà, síbẹ̀ Èkó àti Kàdúná rí iná Káínjì tipẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìlú Okun tó rí i. Àwọn tí ó rí i pàápàá mọ bí iná náà ti ń lọ ju bí ó ti ń dé lọ, èyí tí ó mú kí àwọn tí ó lówó máa ra jẹnẹrétọ̀.

Àpẹẹrẹ méjì nínú Ìpínlẹ̀ Kògì fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni agbára hàn dáadáa. Ní Ajaokuta, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ìjọba Soviet ní 1979 láti kọ́ ilé iṣẹ́ irin, ṣùgbọ́n ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin títí di àkókò yìí, ní ìpínlẹ̀ tí òkúta irin wà ní Ìtakpé, tí èédú ilẹ̀ sì wà ní Ọ̀kábà. Ní Ọbajánà, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote fa gáàsì wá nínú páìpù, ó kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá tirẹ̀, kò dúró de wáyà ìjọba, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì tí ó tóbi jù ní Áfíríkà. Òkúta ẹfun kì í jó fúnra rẹ̀, iná tí ó gbóná janjan ni ó ń sọ ọ́ di símẹ́ǹtì, ẹni tí ó bá sì ní iná náà ni òkúta ń ṣiṣẹ́ fún.

Gbèsè gbogbo èédú àti epo tí ayé ti jó láti ìgbà Newcomen ti ń dé báyìí. Èéfín afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí kò ju nǹkan bí ìpín 280 nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́ lọ nígbà náà, ti kọjá 420, ayé sì ń gbóná sí i. Nígbà tí ẹ̀kún omi bo Lọ́kọ́jà ní 2012, tí ó tún bò ó ní 2022, àwọn tí kò tíì ní iná tí ó dúró ṣinṣin nínú ilé wà lára àwọn tí omi lé jáde.

Agbára tí ó kàn ni oòrùn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì fò sókè, àwọn ènìyàn púpọ̀ sí i ló ti ń wo ojú ọ̀run dípò ilé epo. Pátákó sólà kò nílò odò tàbí páìpù, ìlú kékeré sì lè ní tirẹ̀ bí ìlú Okun àtijọ́ ṣe ń ní ìṣàkóso tirẹ̀. Ṣùgbọ́n sólà nílò bátìrì, bátìrì sì nílò ohun tí ń ti inú àpáta wá, bíi lithium. Àpáta tí a mọ̀ sí pegmatite wà ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, nínú Yàgbà kan náà tí Igbaruku wà, àwọn ènìyàn sì ti ń wa tantalite, èyí tí à ń lò nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, níbẹ̀ tipẹ́. Irú òkúta yìí kan náà ni lithium máa ń wà nínú rẹ̀, Kògì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba sọ pé ó ní in. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé àṣẹ ìwakùsà gbọ́dọ̀ fi hàn bí yóò ṣe sọ òkúta náà di ohun tí ó níye lórí nílé kí ó tó kó o jáde. Bí wọ́n bá pa òfin yẹn mọ́, ilé iṣẹ́ tí ń fọ́ òkúta tí ó sì ń sẹ́ ẹ lè wà ní Yàgbà, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ sì jẹ́ ẹnjiníà inú rẹ̀; bí wọn kò bá pa á mọ́, òkúta náà yóò gba ọ̀nà tí epo pupa gbà lọ sí Liverpool, nínú àpò, láìtíì di nǹkan kan.